Ibi tí Ooru Wa Ń Lọ

Èmi àti orogún mi la jọ kúrò nílé. Bí mo bá sọ báyìí fún ènìyàn, ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń rín, nítorí ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nípa orogún ni ìjà. Àwa náà jà nígbà èwe wa, kò sí irú ìjà tí a ò jà tán. Àṣàkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Èmi ni ìyáálé, òun ni ìyàwó. Ọkọ wa, Bùráímọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti kú kí ọ̀rọ̀ òkè òkun tó dé. Mùtíù, ọmọ kan ṣoṣo tí Àṣàkẹ́ bí, ló ránṣẹ́ sí wa láti Sìkọ́tílándì. Inú yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ìyá méjì ló tọ́ òun, òun kò sì ní mú ọ̀kan kí òun fi ìkejì sílẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni èmi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n orúkọ ènìyàn kì í ṣí kúrò lórí mi. Títí di òní, mo lè dárúkọ àwọn obìnrin tó da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọ agbo ilé ọkọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Rábíátù wà níbẹ̀, Mọ́ríámọ̀ wà níbẹ̀, Wúràọlá tó ga bí òpó, àti Ìyá Sùlé tó da omi náà pọ̀ jù títí ìró mi fi rin gbindin. Gbogbo wọn ti lọ. Àṣàkẹ́ náà ti wá lọ báyìí, òun gan-an ni mo sì ń torí rẹ̀ kọ èyí. N kò fẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan ni n ó mọ bó ṣe lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú yẹn kì í ṣe òtútù. Ilẹ̀kùn ni. Ilé alájà gíga ni a ń gbé, ilẹ̀kùn tò lọ rẹrẹ ní àjà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló wà ní títì pa. A kò gbọ́ igbe ọmọ, a kò gbọ́ ìró odó, a kò gbọ́ kí ẹnìkan bú ẹnìkan. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ fẹ́ jáde, a bá obìnrin òyìnbó kan nínú lífìtì, irun rẹ̀ funfun báláú, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Obìnrin náà lọgun, ó kì mí mọ́lẹ̀ lábẹ́ apá, ó ń fà mí sókè. Ó rò pé mo ṣubú ni. Àṣàkẹ́ fara ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìyáálé, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òyìnbó o."

Bí a ṣe mọ Moira nìyẹn. Láti ìgbà ọmọge rẹ̀ ló ti ń gbé ilé náà, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwa ayálégbé. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti rí mi lókèèrè ni yóò ti na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí n má baà tún kúnlẹ̀.

Iṣẹ́ tí a rí ni ìmọ́tótó. Ọ́fíìsì kan báyìí ni a ń gbá, tí a ń nu tábìlì rẹ̀, kí àwọn tó ni tábìlì tó dé láàárọ̀. Denise, ọ̀gá wa níbẹ̀, ń pè wá ní tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

"Ẹ sọ fún un pé ọkọ kan náà ló fẹ́ wa," Àṣàkẹ́ wí.

"Kí n sọ ọ́ kí wọ́n wá ní ká jókòó ṣàlàyé? Gba ibi tó kàn ọ́."

"Kí wọ́n kàn mọ̀ pé èmi lààyò."

"Ààyò tí ń fọ ṣáláńgá òyìnbó."

Báyìí la ṣe máa ń ṣe títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, a ó sì padà sílé, a ó jẹun, a ó wo fèrèsé. Kò sí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn. Bí Mùtíù bá wà lójú omi, ó lè pẹ́ gan-an ká tó gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí fóònù kì í lọ níbẹ̀. A kàn máa ń wo fóònù náà lórí tábìlì bí ìgbà tí ènìyàn ń wo adìyẹ tó ń sàba.

*

Apá ibi tí oòrùn kì í dé ni fúláàtì wa wà nínú ilé náà. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, irin gbọọrọ kan wà tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, omi gbígbóná ló ń gba inú rẹ̀ kọjá kí yàrá lè móoru. Hítà ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ̀rọ ńlá kan tó wà nínú ilé kékeré lẹ́yìnkùlé ló ń se omi náà fún gbogbo ilé, tí páìpù sì ń gbé e wọlé, ṣùgbọ́n a kò mọ ọ̀nà tí páìpù gbà. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀ tó ń ka ìwọ̀n ooru tó wọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tiwa kì í gbóná. Bí ẹ bá fọwọ́ kan hítà wa, bí omi ìwẹ̀ tí ọmọdé ti wẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ ló rí, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, ó tán.

A pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé. Wọ́n rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá, Craig, ọmọ onírẹ̀lẹ̀ tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí kì í sùn. Ó wo mítà, ó wo hítà, ó ní kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ó ní àwa ni a kò mọ̀ ọ́n lò. Ó ní àwọn tó ti ilẹ̀ olóoru wá a máa ṣí fèrèsé sílẹ̀.

"Bi í léèrè pé fèrèsé wo," Àṣàkẹ́ sọ fún mi láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Ṣé èyí tó ti dì pa yìí?"

Ojú tì mí. A lo gbogbo ọdún yẹn pẹ̀lú ìtìjú náà, a rò pé àwa nìkan ni a kò mọ ilé òyìnbó gbé. A kò mọ̀ pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún Fàtúmà, ará Sòmálíà tó wà ní ìkángun àjà wa. Wọ́n sọ ọ́ fún Moira pàápàá, ẹni tí wọ́n bí sí inú òtútù. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, oníkálukú jókòó, ó wé bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó ń bá ara rẹ̀ wí.

Mo máa ń ronú nípa ilé ọkọ mi nígbà náà. Mítà kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo agbo ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá Bàbá Àgbà. Bí o bá fẹ́ lọ aṣọ, gbogbo ilé mọ̀. Bí fíríìjì Ìyá Sùlé bá ń mu iná jù, wọn á sọ ọ́ sí i lójú, òun náà á sì bú ìran wọn. Ariwo pọ̀, ìjà pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ bí ilé ṣe ń jẹ iná. Níbi tí mo wá, mítà pọ̀ bí ilẹ̀kùn ti pọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú àwa tí ń gbé ibẹ̀ tó lè sọ ohun tí odindi ilé ń jẹ.

Ohun kan wà tó ń mú inú Àṣàkẹ́ dùn. Ilẹ̀ tóóró kan wà lẹ́yìnkùlé tí yìnyín kì í dúró lé. Bí gbogbo ibi bá funfun, ibẹ̀ yóò dúdú, koríko rẹ̀ yóò tutù yọ̀yọ̀, àwọn ológbò àdúgbò a sì lọ sùn síbẹ̀. Àṣàkẹ́ fọwọ́ kan ilẹ̀ náà lọ́jọ́ kan, ó pè mí.

"Ìyáálé, ẹ wá fọwọ́ kan nǹkan. Ilẹ̀ yìí lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Ó ní àánú Ọlọ́run ni, pé Ọlọ́run mọ̀ pé ará oko la wà níbí. Àbúrò mi Sàbítíyù, tó ń ta abọ́ ní Akẹ̀sán, fi irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nípasẹ̀ ẹnìkan tó ń bọ̀. Àṣàkẹ́ gbìn ín síbẹ̀, ó gbin àlùbọ́sà eléwé sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tẹ̀tẹ̀ náà kò kú títí òtútù fi wọlé dáadáa. Àlùbọ́sà kò tilẹ̀ kú rárá. A ń bu fún Fàtúmà, a ń bu fún Moira, ẹni tó ń jẹ ewé àlùbọ́sà lórí búrẹ́dì bí ewúrẹ́. Àṣàkẹ́ kì í ti ibẹ̀ bọ̀ kí ó má dúpẹ́.

*

Nígbà tí ìgbà òtútù kejì dé ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ikọ́ gbígbẹ ni, ó ń ti àyà rẹ̀ bọ̀ bí ẹni tí ń fa àga lórí sìmẹ́ńtì. Dókítà fún un lóògùn, ó sì sọ gbangba fún wa pé oògùn nìkan kò tó, inú ooru ni kí ó máa wà. Ó ní bó bá tún lo òtútù kan sí i nínú yàrá bẹ́ẹ̀, òun kò lè ṣèlérí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Moira. Ó gbọ́ ọ, ó ní òtútù ń pa òun náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn káàkiri, ó ń bi gbogbo ènìyàn. Ó pè wá jọ sí gbọ̀ngán ìsàlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ojú àwọn tí mo ti ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn lókè orí mi láti ọjọ́ yìí. Ó ṣàlàyé fún wa. Bí a bá mọ ìwọ̀n ooru tó kúrò nínú ẹ̀rọ ńlá yẹn, tí a sì mọ ìwọ̀n tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa lápapọ̀, a ó mọ̀ bóyá ó ń sọnù lójú ọ̀nà. Bó bá ń sọnù, dandan ni kí wọ́n tún un ṣe. Bí oníkálukú bá ń mú mítà tirẹ̀ nìkan wò, a kò ní mọ nǹkan kan láéláé.

Ọ́fíìsì ní àwọn kò lè fi àròpọ̀ náà hàn wá. Wọ́n ní ohun tí ènìyàn ń lò nínú ilé rẹ̀, àṣírí rẹ̀ ni, àyàfi bí gbogbo ilé pátá bá gbà. Moira ní kò burú, ó tún kan ilẹ̀kùn káàkiri. Gbogbo ènìyàn gbà, àfi ẹnu ọ̀nà kan.

"Ará ìlú yín ni," Moira sọ fún mi. "Tìrẹ ló máa gbọ́."

Kò mọ̀ pé nínú gbogbo ilé náà, èmi ni mo kù díẹ̀ káàtó jù láti pàṣẹ fún un. Ọkọ mi ni. Kì í ṣe ọkọ tó fẹ́ mi o. Ọmọ agbo ilé Bùráímọ̀ ni, tí kì í fẹ́ kí àlejò dé òkè ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ ni, nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà tó ń sunkún. Nítorí ó ṣíwájú mi wọ ilé náà, ó jù mí lọ níbẹ̀ títí ayé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo nu imú fún un. Ìyàwó ilé kì í dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó hu eyín, èmi ni mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, ohun tí mo sì ń pè é nìyẹn títí di òní.

Mo gun òkè lọ. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó rí mi, ó ṣí i tán. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé o, Eyínfúnjowó."

"Ìyàwó wa! Ẹ dìde jàre, eékún yín ti kọjá èyí."

"Eékún tó bá mọ̀ pé ilé ọkọ lòun wà kì í ro òun."

Ó rẹ́rìn-ín, eyín náà ṣì funfun. Ó fún mi ní àga. Bàtà pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, bàtà ọkùnrin, ńlá àti kékeré. Mátírẹ́ẹ̀sì dúró ti ògiri bí ìwé tí wọ́n tò. Àwọn ọmọ ilé ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìkòyí, tí wọn kò ní ìwé ìgbélùú, tí ń sùn ní ìpín-ìpín, bí àwọn kan ti ń jáde làwọn kan ń wọlé.

"Ẹ ti rí bàtà," ó wí.

"Mo rí bàtà, n kò kà á. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Ẹ̀yin ò kà á. Mítà ń kà á. Bí wọ́n bá rí ìwọ̀n omi gbígbóná tí ibí yìí ń lò, wọn á mọ̀ pé kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo ló ń wẹ̀. Wọ́n á kó àwọn ọmọ yìí lọ. Ta ló máa sọ fún ìyá wọn?"

"Àròpọ̀ ni wọ́n fẹ́ wò, kì í ṣe tiyín nìkan. Ẹ rántí àmù ńlá tó wà lójúde. Gbogbo àwa ìyàwó ilé là ń pọnmi sí i. Bó bá ti wọ inú àmù tán, ta ló lè na ọwọ́ kó ní omi Rábíátù rèé, omi Wúràọlá rèé? Ohun tí gbogbo wa mọ̀ kò ju pé àmù kún tàbí kò kún."

"Àmù Ògbómọ̀ṣọ́ nìyẹn. Òyìnbó ń ka ẹ̀kán omi."

"Àṣàkẹ́ ń kọ́ o, Eyínfúnjowó."

Ó wolẹ̀. "Ẹ má bínú, ìyàwó wa. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò bá mi nílé."

Mo ní mo gbọ́. Mo kúnlẹ̀, mo dìde, mo sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí n kò bá ní Àṣàkẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ǹ bá ti yìn ín.

*

Ní ọjọ́ náà Sàbítíyù pè láti Ọ̀yọ́. Inú òkùnkùn ló wà, mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì amúnáwá aládùúgbò lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bí ẹ ṣe wà nìyẹn? Iná wà lọ́dọ̀ yín?"

"Iná wà. Kì í lọ."

"Iná kì í lọ, òtútù wá ń pa yín? Irú ilé wo nìyẹn?"

Ó ní kí n wá orógbó àti oyin fún Àṣàkẹ́. Ó ní kí n mú un bọ̀ wálé. Mo wo Àṣàkẹ́, ẹ̀wù òtútù lórí ẹ̀wù òtútù, gèlè lórí fìlà. Mo mọ̀ pé kò lè jókòó sínú ọkọ̀ òfurufú mọ́. Ìgbà tí ènìyàn lè padà sílé ti kọjá, a kò sì rí i nígbà tó ń kọjá.

"Kí ni ọkọ yín wí?" Àṣàkẹ́ bi mí nígbà tí mo pa fóònù.

"Ó ní kí n sọ pé n kò bá òun nílé."

"Ẹ ò sì pariwo mọ́ ọn?"

"Kí n pariwo mọ́ ọkọ?"

"Ọkọ tí kò jẹ́ kí ilé gbóná, kí la fẹ́ fi ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà kò tètè tán.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ti ọjà dé, n kò bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìrọ̀rí rẹ̀ náà kò sí. Mo jáde, mo ké sí i, n kò gbọ́. Mo gun òkè, n kò mọ ìgbà tí mo débẹ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ wa wà ní ṣíṣí. Àárín yàrá ni Àṣàkẹ́ jókòó sí, lórí àga tó dára jù, ìrọ̀rí rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin dúró yí i ká pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì wọn, wọn kò mọ ibi tí wọn yóò fi ọwọ́ sí.

"Ìyáálé, ẹ wá gbọ́," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ. "Yàrá yìí gbóná. Èémí ènìyàn ló mú un gbóná. Mo ti sọ fún ọkọ wa, mo ní mo wá sùn ni. Òun fúnra rẹ̀ ni kó sọ pé kí n máa lọ."

Ọmọ agbo ilé kì í lé ìyàwó ilé. Kò sí ìjà tó lè dé, kò sí ohun tí ó lè ṣe, ilé ọkọ rẹ̀ ni, bó bá wọlé tí ó ní òun fẹ́ sùn, ẹní ni wọ́n máa tẹ́ fún un. Ọkùnrin náà mọ̀. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú rẹ̀ ti di ti ọmọdé.

"Ìyàwó wa, níbo làwọn ọmọ yìí máa sùn?"

"Kí wọ́n wá sùn lọ́dọ̀ wa. Kí àwọn náà tọ́ ọ wò."

Ẹnìkan nínú àwọn ọmọ náà, Ráṣídì ọmọ Ìkòyí, bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ikọ́ gbé Àṣàkẹ́, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. A dúró, a ń wò ó. Nígbà tí ó simi, ọkọ wa mú fóònù rẹ̀, ó pe Moira níwájú gbogbo wa, ó ní òun ti gbà.

Àṣàkẹ́ ní, "Ó ṣeun, ọkọ mi. Mo ṣì ń sùn níbí lónìí o." Ibẹ̀ náà ló sì sùn.

*

Gbogbo ilé ti gbà, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ń fà á. Ẹni tó yẹ kó ṣe é lọ ìsinmi. Ẹ̀rọ tó yẹ kó rò ó pọ̀ kò rò ó pọ̀ dáadáa. Moira ń pè wọ́n lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n ń fà á lọ, wọ́n gbé Àṣàkẹ́ lọ sí ọsibítù.

Ọsibítù gbóná. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, Aileen, wọ ẹ̀wù pénpé. Àṣàkẹ́ na ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí ń yá oòrùn.

"Ìyáálé, ẹ wo bí ibí ti rí. Ẹ bọ́ fìlà yín."

Mo bọ́ fìlà mi. A jókòó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n má jẹ́ kí tẹ̀tẹ̀ òun gbẹ. Mo ní ìgbà òtútù la wà, tẹ̀tẹ̀ ti lọ, àlùbọ́sà ló kù. Ó ní kí n máa bu fún Moira. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ewé àlùbọ́sà. Mo ti fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ wá ìtumọ̀ sí i, n kò rí i. Bóyá kò ní.

Èmi àti Fàtúmà la wẹ̀ ẹ́. N kò tíì bá obìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ rí, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ òkú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì mọ àdúrà tí mo mọ̀. Ara Àṣàkẹ́ ti rù tán. Obìnrin tí mo fà nírun rí nínú agbo ilé nítorí odó, èmi náà ni mo di irun rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Mùtíù wà lórí òkun, wọn kò rí i pè. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ ti dì.

Eyínfúnjowó wá kí mi kú ọ̀ràn. Ó wọlé, kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ níwájú mi, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ọkọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó. N kò rí i rí, n kò gbọ́ ọ rí. Ó yẹ kí n sáré gbé e dìde. N kò tètè gbé e. Mo jókòó, mo ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, ewú ti bò ó, orí tí mo fi aṣọ òjò bò nígbà tí ó wà lọ́mọ ọwọ́.

"Ẹ dìde," mo wí níkẹyìn. "Ilẹ̀ tutù."

*

Lẹ́yìn èyí ni àròpọ̀ náà dé. Moira kà á fún wa ní gbọ̀ngán ìsàlẹ̀. Ooru tó ń kúrò nínú ẹ̀rọ ńlá yẹn pọ̀ gan-an. Èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa lápapọ̀ kò tó ìdajì rẹ̀. Kò sí orúkọ ẹnìkan níbẹ̀, kò sí fúláàtì ẹnìkan, kò sì sí ẹni tó béèrè nípa bàtà kankan. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sunkún, nítorí wọ́n ti ń bá ara wọn wí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ́fíìsì ní àwọn á wá ibi tó ń sọnù sí. Ìṣẹ́gun ni, n kò ní sọ pé kì í ṣe ìṣẹ́gun. Mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn.

Craig padà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń fi ibi tó gbóná hàn. Ó gbé e yí ilé ká, ó gbé e dé ẹ̀yìnkùlé, ó dúró. Ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo ilẹ̀, ó tún wo èmi tí mo dúró lójú fèrèsé Moira ní ìsàlẹ̀. Ó ní wọ́n máa ní láti gbẹ́ ibẹ̀.

Nígbà tí àwọn tó máa gbẹ́ ẹ dé, mo jáde lọ bá wọn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ fa àlùbọ́sà náà. Wọ́n dúró dè mí. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ, páìpù ńlá náà wà lábẹ́ rẹ̀ gbọọrọ, aṣọ tó yẹ kó wé e kí ooru má baà sá ti jẹrà kúrò, omi gbígbóná ń sun jáde lójú ẹ̀, èéfín omi náà ń rú sókè sí ojú gbogbo wa. Ọ̀nà tí ooru wa ń gbà wọlé nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì ń tán sí. Òun ló ń lé yìnyín. Òun ló ń tọ́ tẹ̀tẹ̀. A ti fọwọ́ kàn án, a ti dúpẹ́ lórí rẹ̀, a ti sè é, a ti jẹ ẹ́. Àṣàkẹ́ a máa ti inú yàrá tútù lọ síbẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì fọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀ náà kí ó tó dìde.

Craig bọ́ fìlà orí rẹ̀. Kò dárúkọ fèrèsé mọ́.

Sàbítíyù ń sọ fún mi báyìí pé kí n máa bọ̀ nílé, pé kí ni mo tún ń ṣe níbẹ̀. Ó ń tún yàrá kan ṣe dè mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ obìnrin tí èmi bí fún Bùráímọ̀ ní kí n wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ wọn dára. Ṣùgbọ́n bí mo bá wọ agbo ilé náà, wọn á béèrè orogún mi lọ́wọ́ mi. A jọ jáde ni. Ilé kì í ṣe ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí nìkan, mo ti rí i báyìí. Ibi tí ènìyàn ti sin ẹni tó mọ̀ ọ́n jù wà nínú rẹ̀. N kò fẹ́ràn ìlú yìí. N kò sì lè fi í sílẹ̀ kí òun nìkan wà níbẹ̀.

Wọ́n ti wé páìpù tuntun, wọ́n ti bò ó. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n parí rẹ̀ ni ọkọ̀ Mùtíù gúnlẹ̀ ní èbúté kan tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀, ó sì pè mí. Wọ́n ti sọ fún un nípa ìyá rẹ̀ ní èbúté tó ti kọ́kọ́ dúró, a sì ti sunkún tán lórí fóònù lọ́jọ́ náà. Èyí kì í ṣe ti ẹkún. Ó bi mí ohun tí mo jẹ. Ó bi mí bí ẹsẹ̀ mi ti ń ṣe. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn rẹ̀, ó ń kùn.

"Ìyá Àgbà," ó wí, "ṣé yàrá màmá mi ti wá gbóná?"

Mo fọwọ́ kan hítà náà, mo sì tètè mú ọwọ́ kúrò.

"Ó ti gbóná, ọmọ mi. Ó gbóná dáadáa."

Ẹ́ńjìnnì náà ń kùn lọ. A kò sì pa fóònù.